Kí Nọ́ọ̀sì Bá Àgbà Nílé Kí Ikú Tó Dé

Ní Mowé, Ìbàfò àti Ifọ̀ ní ìpínlẹ̀ Ògùn, kì í ṣe ilé arúgbó ni ọ̀pọ̀ àgbà ń lo ìgbẹ̀yìn ayé wọn sí. Yàrá kan nílé ọmọ ni. Ọmọ ọ̀hún ti jí lọ síbi iṣẹ́ l'Ékòó kí ilẹ̀ tó mọ́, ọmọ ọ̀dọ̀ ló wà nídìí ìyá tó ń ṣarán. "Ogbó ni," là ń wí, títí oúnjẹ kò fi ní gba ọ̀nà ọ̀fun mọ́. Ìgbà yẹn la ó wá máa sáré gbé wọn gba títì márosẹ̀ lọ sí ọsibítù, kí wọ́n ti rọ́bà oúnjẹ bọ̀ wọ́n nímú. Ìfẹ́ ló ń mú wa ṣe é. Ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì tó mọ ìtọ́jú ìgbẹ̀yìn ayé, tí yóò máa wá bá wọn nílé, ló yẹ wọ́n jù, ojúṣe ìjọba sì ni láti pèsè rẹ̀.

Àìsàn tí ń pani ni ìṣarán, bó tilẹ̀ ń rìn jẹ́jẹ́. Ní 2009, Susan Mitchell àti àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí arúgbó 323 tí àìsàn náà ti wọ̀ lára, ní ilé ìtọ́jú 22 lágbègbè Boston, l'Amẹ́ríkà. Láàárín oṣù 18, ó lé ní ìdajì wọn tó kú. Nínú 100, bíi 86 ni jíjẹ mímu dìṣòro fún. Èyí tó ká mi lára jù ni pé níbi tí mọ̀lẹ́bí ti mọ ibi tí àìsàn náà ń lọ, wọn kì í sábà gbé arúgbó wọn kiri ọsibítù tàbí fi rọ́bà ni ín lára ní oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn. Ẹgbẹ́ àwọn dókítà arúgbó l'Amẹ́ríkà náà ní kí a fi ṣíbí bọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀, kí a fi rọ́bà sílẹ̀. Ṣíbí gba sùúrù: ẹ gbé orí sókè, ẹ fi ẹ̀kọ díẹ̀ kan ètè, ẹ dúró kó gbé e mì, bó bá yíjú kúrò, ó tó. Ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ mọ́ a máa fi ojú sọ ìrora: á fajú ro nígbà tí wọ́n bá ń yí i, á kérora, á di ọwọ́ ẹni mú pinpin. Ọmọ ọ̀dọ̀ á ní agídí ni. Nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ á wo ìdí àti ẹ̀yìn bóyá egbò ti ń dá síbẹ̀.

Àwọn kan á ní bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu, kí ni ti nọ́ọ̀sì? Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìfẹ́ ọmọ kì í sọ ìwọ̀n oògùn fún un. Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé sísọ̀rọ̀ ikú ń pe ikú. Bẹ́ẹ̀, àwọn àgbà wa fúnra wọn ni í sọ ibi tí wọ́n fẹ́ kí a sin wọ́n sí. Ẹni tó lè sọ ìyẹn lè sọ ibi tó fẹ́ wà kó tó kú, bí a bá tètè bi í kí iyè tó rá. Ti mọ́fíìnì, oògùn ìrora tí irú nọ́ọ̀sì yìí ń lò, tí wọ́n ń sọ pé ó ń bàjẹ́ lọ́wọ́ àwọn ọ̀dọ́, ẹ̀rù yẹn nídìí. Kọ́bọ́ọ̀dù oníkọ́kọ́rọ́ àti ìwé àkọsílẹ̀ la fi í dáàbò bò ó. Kíkọ̀ ọ́ fún ẹni tó ń jẹ̀rora kò dá ọ̀dọ́ kankan dúró.

Owó ló le jù, nítorí nọ́ọ̀sì kò tó nínú àwọn ilé ìwòsàn alábọ́dé wa. Ṣùgbọ́n ní 2014, àpérò àjọ ìlera àgbáyé ti rọ àwọn orílẹ̀-èdè láti kó irú ìtọ́jú yìí mọ́ ti alábọ́dé, iṣẹ́ náà sì wà ní ọsibítù UCH n'Íbàdàn, níbi tí wọ́n ti lè kọ́ ọ. Kí ìjọba ìbílẹ̀ Ọbáfẹ́mi-Owódé, tó ni Mowé àti Ìbàfò, rán nọ́ọ̀sì méjì lọ, kí Ifọ̀ rán méjì, kí wọ́n fún wọn ní ọ̀kadà. Ilé arúgbó aládàáni tó bá sì ń wá ìwé àṣẹ n'Ógùn, kó kọ́kọ́ fi nọ́ọ̀sì tó kọ́ṣẹ́ yìí hàn.