Ẹrù Láìsí Òṣùká: Owó Ọ̀nà Ń Jáde Lọ́wọ́ Wa, Ọ̀nà Oko Wa Ń Kú

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lónìí kì í ṣe tuntun sí yín. Ẹ̀ ń sọ ọ́ ní ìsọ̀, ẹ̀ ń sọ ọ́ ní gáréèjì, ẹ̀ ń sọ ọ́ nígbà tí ọkọ̀ bá rì. Àwa kàn fẹ́ kọ ọ́ sílẹ̀, kí àwọn tó ń ṣòfin má bàa sọ pé àwọn ò gbọ́.

Ìjókòó oṣù kẹwàá ti ń bọ̀ ní Àjàṣẹ́. Níbẹ̀ ni àwọn dépítè yóò ti jíròrò lórí òfin ìnáwó ọdún tó ń bọ̀. Òfin ìpìlẹ̀ wa ti ọjọ́ 11 oṣù kejìlá ọdún 1990 sọ pé Ilé Aṣòfin ló ń ṣe òfin, òun náà ló sì ń fọwọ́ sí owó orí. Ó tún sọ pé ìwé ìnáwó gbọ́dọ̀ ti dé iwájú wọn, ó pẹ́ tán, ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú ìjókòó náà. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ sọ lórí owó ọ̀nà, àsìkò rẹ̀ nìyí. Bí òfin bá ti jáde tán, àròyé ló kù.

Ohun tí à ń sọ kò pọ̀. A ní: òfin tó bá gba owó lọ́wọ́ arìnrìn-àjò lójú ọ̀nà ńlá gbọ́dọ̀ sọ, ní kíkọ sílẹ̀, èló nínú owó náà ni yóò padà sí ọ̀nà oko, ta ni yóò gbà á, àti ibi tí aráàlú ti lè rí ìṣírò rẹ̀. Òfin tí kò bá sọ bẹ́ẹ̀, òfin agbowó ni, kì í ṣe òfin ọ̀nà.

A kì í ṣe ọ̀tá owó orí

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yí ọ̀rọ̀ wa po. A ò sọ pé kí wọ́n wó péàjì. Òfin ìpìlẹ̀ kan náà ló ní kí olúkúlùkù ọmọ Benin san owó orí rẹ̀, a sì ń san án. A kì í sì í ṣe aláìmoore. Ẹni tó bá mọ ilẹ̀ Ọ̀họ̀rí kí wọ́n tó da ọ̀dà sójú ọ̀nà Ìpóbẹ́ sí Kétu yóò rántí amọ̀ dúdú yẹn. Bí òjò bá ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ ò lọ, ọkọ̀ ò bọ̀. Aláìsàn tó yẹ kó dé Ìpóbẹ́ láàárọ̀ lè sùn sójú ọ̀nà. Lónìí, ọ̀nà ọlọ́dà gba ibẹ̀ kọjá títí dé Ìlárá. Ẹni tó ṣe é, a dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a rántí pé ọ̀nà kò fìgbà kan jẹ́ ọ̀fẹ́ lọ́wọ́ wa. Láyé Faransé, àwọn bàbá wa san owó orí, wọ́n tún fi ọrùn ru yẹ̀pẹ̀, wọ́n fi ọkọ́ la ọ̀nà, láìgba kọ́bọ̀. Ọ̀pọ̀ ló sá kọjá ààlà lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ará wa tó wà lábẹ́ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí owó orí àti iṣẹ́ túláàsì. Àwọn Ọ̀họ̀rí tilẹ̀ gbé apó àti ọfà dìde. Ọjọ́ 11 oṣù kẹrin ọdún 1946 ni òfin tó fòpin sí iṣẹ́ túláàsì jáde. Láti ìgbà náà, owó ló rọ́pò ọrùn. Ó yẹ kí ẹni tó ń san owó ní ẹ̀tọ́ kan tí ẹni tó ń ru yẹ̀pẹ̀ kò ní: ẹ̀tọ́ láti béèrè ibi tí òógùn rẹ̀ lọ.

Wọ́n gbé ẹrù lé wa lórí, wọn ò fún wa ní òṣùká

Ẹ jẹ́ ká wo bí òfin ṣe pín ọ̀nà. Àwọn ọ̀nà ńlá, ìjọba àpapọ̀ ló ni wọ́n: èyí tó ti Kútọnù gba Ìdàáṣà àti Ṣábẹ lọ sí Pàràkú, àti èyí tó ti Bohicon wá sí Kétu. Ìyókù, ìyẹn ọ̀nà tó ń ti ìletò dé ìletò, tó ń ti oko dé ọjà, ti kọ́múùnù ni. Kì í ṣe àwa la sọ bẹ́ẹ̀. Òfin nọ́ńbà 97-029 ti ọjọ́ 15 oṣù kìíní ọdún 1999 ló gbé iṣẹ́ ṣíṣe àti títún ọ̀nà abẹ́lé ṣe lé kọ́múùnù lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n ṣe òfin tuntun lórí ìṣàkóso ìlú ní ọjọ́ 20 oṣù kejìlá ọdún 2021, wọn ò gbé ẹrù náà kúrò lórí kọ́múùnù.

Ó dáa. Ẹrù ti dé orí. Òṣùká dà?

Owó tó ń jáde lójú ọ̀nà ń lọ sí Kútọnù. Owó péàjì ń lọ síbẹ̀, owó orí tó wà lórí epo ń lọ síbẹ̀, owó ìwé ọkọ̀ náà ń lọ síbẹ̀. Ìyálọ́jà tó ń ti Àjàṣẹ́ lọ tajà ní Kútọnù ń kọjá ní péàjì Ekpè. Àgbẹ̀ ilẹ̀ Ṣábẹ tó ń kó gààrí àti iṣu rẹ̀ rìn lójú ọ̀nà ńlá ń kọjá ní péàjì Diho. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé awakọ̀ ló ń san án. Awakọ̀ kì í san péàjì látinú ogún bàbá rẹ̀. Orí owó ọkọ̀ ló ń gbé e lé, orí owó ẹrù ló ń gbé e lé. Obìnrin tó gbé apẹ̀rẹ̀ tòmátì sẹ́yìn ọkọ̀ ti san péàjì kí ó tó ta tòmátì kan.

Owó náà, bó bá padà, ọ̀nà ńlá ló ń padà sí. Ọ̀nà ọlọ́dà ń gba ọ̀dà sí i. Ọ̀nà Ìdìnyì ńkọ́? Ọ̀nà Odòmẹ́ta ńkọ́? Àwọn ọ̀nà tó ń wọ inú oko kajú ní agbègbè Kábùà ńkọ́? Ibẹ̀ ni ẹrù ti ń wá. Bí ọkọ̀ kò bá lè wọ oko, kí ni yóò gbé kọjá ní péàjì? Ẹni tó ń bomi rin ẹ̀ka igi, tó fi gbòǹgbò sílẹ̀ fún ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ bá wa sọ fún un pé igi náà yóò kú.

Wọ́n á ní ìjọba ń fi owó ránṣẹ́ sí kọ́múùnù. Òótọ́ ni. Láti ọdún 2008 ni FADeC ti wà, wọ́n sì ti fi àpò mìíràn rọ́pò rẹ̀ nísinsìnyí. Ṣùgbọ́n inú owó yẹn kan náà ni kọ́múùnù ti ń wá kíláàsì, ilé ìwòsàn, kànga àti ìsọ̀ ọjà, ọ̀pọ̀ ìgbà ló sì máa ń pẹ́ kó tó dé. Katapílà tó bá dé lẹ́yìn tí òjò ti bẹ̀rẹ̀, ẹrẹ̀ ló ń tì kiri. Owó iléèwé, ẹ jẹ́ kó jẹ́ owó iléèwé. Owó ọ̀nà, ọ̀nà ni kó lọ.

Àwọn mìíràn á ní ká lọ bá mẹ́ẹ̀rì jà. Ẹ̀yin èèyàn wa, ẹ má jà sí ibi tí ogun kò sí. Lábẹ́ òfin 2021 yìí, akọ̀wé aláṣẹ tí wọ́n ń pè ní secrétaire exécutif ló ń fọwọ́ sí ìnáwó kọ́múùnù. Mẹ́ẹ̀rì tí ẹ̀ ń bú nítorí afárá tó já lè má ní àṣẹ láti sanwó pákó kan. Ibi tí òfin ti wá ni kí ẹ gbé ọ̀rọ̀ lọ.

Ta ló ń ba ọ̀nà jẹ́?

Ọ̀rọ̀ mìíràn tún wà tí a kì í sábà sọ. Omi àti ẹrù ló ń ba ọ̀nà jẹ́, ẹrù kò sì dọ́gba. Ní nǹkan bí ọdún 1958 sí 1960, àwọn ará Amẹ́ríkà dìídì kọ́ ọ̀nà kan ní Illinois, wọ́n ń fi ọkọ̀ onírúurú ẹrù rìn lórí rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Ohun tí wọ́n rí ni pé, bí ẹrù tó wà lórí ọ̀pá ẹsẹ̀ ọkọ̀ kan bá di ìlọ́po 2, ìbàjẹ́ tó ń ṣe sí ọ̀nà máa ń tó nǹkan bí ìlọ́po 16. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ àjàgbé kan tó gbé àgbéjù lè ba ọ̀nà jẹ́ ju ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọkọ̀ kékeré lọ.

Àwọn àjàgbé tó ń kó ẹrù láti èbúté Kútọnù lọ sí Pàràkú, Ṣábẹ ni wọ́n ń gbà. Òfin wà fún wọn. Ẹgbẹ́ UEMOA ṣe Règlement nọ́ńbà 14 ní oṣù kejìlá ọdún 2005: kí wọ́n wọn ọkọ̀, kí ẹni tó bá gbé àgbéjù san owó ìtanràn, kó sì sọ ẹrù tó lé kalẹ̀. Òfin dáadáa ni. Ohun tí a ń béèrè ni pé kí wọ́n máa tẹ̀ lé e lójoojúmọ́, lọ́sàn-án lóru, fún ọlọ́lá àti fún mẹ̀kúnnù. Kò bójú mu kí alágbára fọ́ àwo, kí wọ́n wá bu owó rẹ̀ lé aláwo lórí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ra kpayo

A mọ èsì tó ń bọ̀. Wọ́n á ní: "Ẹ̀yin ará ẹ̀bá ààlà, kpayo lẹ̀ ń rà. Owó orí epo wo lẹ ti san rí?" Ẹ jẹ́ ká dá wọn lóhùn láìbínú. Lákọ̀ọ́kọ́, ẹni tí kò bá rí ilé epo nítòsí, ìgò lẹ́bàá ọ̀nà ni yóò rà. Ìletò mélòó nínú tiwa ló ní ilé epo? Lẹ́ẹ̀kejì, kpayo ti kúrò ní ohun ọ̀fẹ́. Láti ìgbà tí ìjọba Nàìjíríà ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní ìparí oṣù karùn-ún ọdún 2023, ẹni tó ń gun sẹ́míjàn mọ ohun tí ojú rẹ̀ rí. Lẹ́ẹ̀kẹta, ẹni tó ń ra kpayo kò rí ọ̀nà gbé e gba péàjì kọjá láìsanwó. A ń san. Ìbéèrè wa ni pé, ibo ló ń lọ?

Àwọn ará wa Ifẹ̀ ní agbègbè Àtàkpàmẹ́ ní Tógò mọ irú ọ̀rọ̀ yìí. Lọ́dọ̀ tiwọn, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní SAFER ló ń bójú tó owó péàjì. Orúkọ yàtọ̀, ìbéèrè kan náà ni.

Ohun tí a fẹ́ kó wọ inú òfin

Ìkíní: kí òfin ìnáwó kọ ìpín kan pàtó sílẹ̀, láti inú owó péàjì, fún títún ọ̀nà oko ṣe. Kí ìpín náà dé ọwọ́ kọ́múùnù kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, kó sì wà nínú àpò tirẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má lè fi ra mọ́tò ọ́fíìsì.

Ìkejì: kí ìṣírò péàjì kọ̀ọ̀kan máa jáde ní oṣù mẹ́ta-mẹ́ta. Kí wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri mẹ́ẹ̀rì, kí wọ́n sì kà á lórí rédíò ní èdè Yorùbá, kí ìyá tí kò ka ìwé Faransé lè gbọ́ iye tó wọlé àti iye tó jáde.

Ìkẹta: kí ẹni tí ilé rẹ̀ wà ní apá kan péàjì, tí oko tàbí ọjà rẹ̀ wà ní apá kejì, má ṣe máa san iye tí arìnrìn-àjò ọ̀nà jíjìn ń san. Kí wọ́n fún un ní káàdì ará àdúgbò.

Ìkẹrin: kí owó ìtanràn ọkọ̀ tó gbé àgbéjù máa lọ tààrà sí ọ̀nà tí wọ́n bà jẹ́.

Ìkankan nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò ní kí ìjọba gba owó orí tuntun. Ohun tí a ń gbà tẹ́lẹ̀ ni a ní kí wọ́n pín dáadáa.

Iṣẹ́ kù lọ́wọ́ oníkálukú

Ẹ̀yin ọba wa, àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí dépítè bá wá kí yín láàfin, ẹ gba ẹ̀bùn rẹ̀, ẹ súre fún un, kí ẹ sì bi í níwájú àwọn ìjòyè: "Ìpín ọ̀nà oko dà nínú ìwé ìnáwó?" Ẹ jẹ́ kó fèsì kó tó dìde. Ẹ̀yin baálẹ̀, ẹ kọ orúkọ ọ̀nà tó bàjẹ́ ní ìletò yín sílẹ̀, afárá tó já, oko tí ọkọ̀ kò lè dé mọ́, kí ẹ sì fi ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́ kí oṣù kẹsàn-án tó parí. A óò kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, a óò gbé e lọ sí Ilé Aṣòfin. Àjàṣẹ́ ló wà, ilé wa ni, a kò nílò ìwé ìrìnnà láti dé ibẹ̀. Ẹ̀yin awakọ̀ àti ìyálọ́jà, ẹ má ju rìsíìtì péàjì nù. Ẹ kó wọn jọ fún wa. Ẹni tó ní kí wọ́n ṣírò, ó yẹ kó ní ìṣírò lọ́wọ́.

Ẹ̀yin dépítè, ẹ̀yin ọmọ wa, a kò bá yín jà. Ìbò wa la fi rán yín níṣẹ́. Ẹ padà wá pẹ̀lú òṣùká, ẹrù yìí ti ń dun wá lórí.