Ẹ Bèèrè Òṣùwọ̀n Kí Ẹ Tó Bẹ̀rù

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ta ni yóò gbọ́ iye owó gàrí láìbèèrè bóyá kóńgò ni tàbí àpò? Bẹ́ẹ̀ ni ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rí. Òṣùwọ̀n méjì ni a fi ń wọ̀n ọ́n: mg/dL ni ti Amẹ́ríkà, mmol/L ni ti ìlú Ọba, ẹ̀rọ méjèèjì sì ń wọ ilé wa láti òkè òkun.

Ẹ̀rọ kan lè kọ 126, kí òmíràn kọ 7. Bákan náà ni wọ́n. Bí ó bá jẹ́ òwúrọ̀ kí a tó jẹun ni, ó yẹ kí a tètè rí dókítà. Ẹ fi 18 sọ mmol/L di púpọ̀, yóò di mg/dL; ẹ fi 18 pín mg/dL, yóò di mmol/L. Ti ṣúgà nìkan ni 18 yìí o.

Ẹni tí 90 ti mọ́ lára lè rí 15 lórí ẹ̀rọ tuntun, kí ó rò pé ṣúgà òun ti lọ sílẹ̀ jù, kí ó sáré mu omi ṣúgà. Háà! 15 yẹn, 270 ni!

Lójú tèmi, ilé àyẹ̀wò tó kọ nọ́ńbà láìkọ òṣùwọ̀n kò tíì parí iṣẹ́ rẹ̀. Ẹ má gba irú ìwé bẹ́ẹ̀.