Ìwé Ọjà Tí Kò Tan Oníbàárà Jẹ

  

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, èmi àti ìyá àwọn ọmọ mi ń palẹ̀ yàrá ìkẹ́rù mọ́. Ó fa páálí kan jáde lábẹ́ àpótí, ó ní, "Bàbá Ràṣídì, ìwé wo nìwọ̀nyí? Kò sí ìtàn nínú wọn, kò sí ẹ̀kọ́ nínú wọn, àfi orúkọ ọjà àti iye owó. Ṣé kí a fi wọ́n dáná?" Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi wọ́n sílẹ̀. Ìdí tí mo fi bẹ̀ ẹ́ ni mo fẹ́ ṣàlàyé fún yín lónìí, nítorí pé ẹ̀kọ́ wà nínú wọn.

Kátálọ́ọ̀gì àwọn tí ń ta ẹ̀yà ara rédíò àti ti ẹ̀rọ mìíràn tí ń lo iná ni àwọn ìwé náà. Mo kó wọn jọ nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù láàárín ọdún 1981 sí 1985. Nígbà náà, ẹni tí ó bá nílò ẹ̀yà kan yóò ṣí ìwé, yóò wá nọ́ńbà rẹ̀, yóò kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù, yóò fi sọ̀wédowó sínú àpòòwé, yóò sì máa retí akólẹ́tà. Ilé iṣẹ́ Radiospares ti bẹ̀rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti ọdún 1937. Maplin bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè Essex ní 1972. Àwòrán ọkọ̀ òfuurufú tí ń rìn láàárín ìràwọ̀ ni wọ́n máa ń yà sí ẹ̀yìn ìwé tiwọn, a sì máa ń rà á ní ilé ìtàwé WH Smith. Ní Amẹ́ríkà, RadioShack bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Boston ní 1921. Heathkit, ní Benton Harbor, a máa ta odindi ẹ̀rọ ní ẹ̀yà-ẹ̀yà pẹ̀lú ìwé ìlànà, kí oníbàárà lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ tò ó pọ̀.

Kí ni ó wú mi lórí nínú ìwé wọ̀nyí? Olówò ń kọ ibi tí agbára ọjà rẹ̀ mọ sílẹ̀ kí oníbàárà tó sanwó. Ẹ jẹ́ kí n fi résísítọ̀ ṣe àpẹẹrẹ, ẹ̀yà kékeré tí ń dín ìṣàn iná kù. Kò gba ìkọ̀wé, nítorí náà àwọ̀ ni wọ́n fi ń sàmì sí i lára: dúdú dúró fún 0, búráùn fún 1, pupa fún 2, títí tí ó fi dé orí funfun tí ó jẹ́ 9. Bí ẹ bá rí pupa, pupa àti búráùn, 220 ni òṣùwọ̀n rẹ̀. Ṣùgbọ́n àmì kẹrin wà níbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ àwọ̀ góòlù, ohun tí aṣe-é ń sọ ni pé: "Òṣùwọ̀n mi lè fi 5 nínú 100 lé, ó sì lè fi bẹ́ẹ̀ dín." Èyí ni pé ohun tí ẹ rà yóò wà láàárín 209 sí 231. Ẹ wo ọjà tí ó ru ẹ̀rí àṣìṣe ara rẹ̀ káàkiri!

Ẹni tí kò bá ka ẹ̀rí náà ni yóò jẹ gbèsè. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí pé mo ti jẹ ẹ́ rí.

Ní ọdún 1983, lẹ́tà bàbá mi dé láti Ìbàdàn. Rédíò tí ó rà kí n tó wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ti dákẹ́, èyí tí ó máa ń gbọ́ ìròyìn nínú rẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsùbáà. Bàbá tí ń bá a tún rédíò ṣe ti tú u, ó sì ti da nọ́ńbà tìràǹsísítọ̀ tí ó kú kọ sínú bébà: AC128. Mo ṣí kátálọ́ọ̀gì mi. Mo rí AC128. Mo tún rí AC127 lókè rẹ̀ gẹ́lẹ́, owó rẹ̀ sì fi pẹ́ńsì díẹ̀ dín. Mo wí nínú ọkàn mi pé, "Nọ́ńbà kan ṣoṣo ló yà wọ́n, kí ló lè ṣe?" AC127 ni mo rà, mo sì fi rán ẹni tí ń lọ sílé.

Nínú oṣù kọkànlá ni èsì padà dé. Bàbá mi kọ ọ́ pé alátùn-únṣe náà, tí kò wọ ilé ìwé rí, wo ohun tí mo fi ránṣẹ́, ó sì rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Alhaji, ẹ bá mi sọ fún ọmọ wa pé bàtà ẹsẹ̀ òsì ló fi ránṣẹ́, ti ẹsẹ̀ ọ̀tún ni mo béèrè."

Òótọ́ pọ́ńbélé ló sọ. Ìbejì ni AC127 àti AC128, a sì máa ń so wọ́n pọ̀ nínú rédíò láti gbé ohùn jáde. Ṣùgbọ́n ọ̀nà tí iná ń gbà nínú ọ̀kan dojú kọ ti èkejì. Ìwé tí ó wà lọ́wọ́ mi sọ bẹ́ẹ̀. Ó kọ NPN sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀kan, ó kọ PNP sí ẹ̀gbẹ́ èkejì. Iye owó nìkan ni ojú mi rí.

Oṣù kìíní ọdún 1984 ni èyí tí ó tọ̀nà tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Nígbà tí àwọn ológun gba ìjọba lọ́wọ́ Alhaji Shehu Shagari ní ọjọ́ 31 oṣù kejìlá 1983, ẹ̀gbẹ́ fèrèsé aládùúgbò ni bàbá mi dúró sí láti gbọ́ ọ, pẹ̀lú ọjọ́ orí rẹ̀. Kò bá mi wí. Èmi ni n kò gbàgbé.

Púpọ̀ nínú àwọn olówò wọ̀nyí ti kógbá wọlé. Heathkit dáwọ́ ẹ̀rọ àtòpọ̀ dúró ní 1992, RadioShack wọ gbèsè ní 2015, Maplin sì ti gbogbo ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa ní 2018. Radiospares, tí a ń pè ní RS nísinsìnyí, ṣì ń tajà, ṣùgbọ́n orí íntánẹ́ẹ̀tì ni ọjà náà wà jù lọ. Ẹ̀rọ òde òní kéré, ó ṣòroó tú, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń sọ èyí tí ó bàjẹ́ nù ju kí wọ́n tún un ṣe lọ.

Síbẹ̀, ìmọ̀ náà kò kú. Ìwé àlàyé tí aṣe-é kọ nípa ọ̀pọ̀ ẹ̀yà wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́fẹ̀ẹ́, ọmọ yín sì lè kà á lórí fóònù. Ó sì pọn dandan láti kà á, nítorí pé àwọn kan wà tí ń pa nọ́ńbà ara ògbólógbòó ẹ̀yà rẹ́, tí wọ́n ń tẹ òmíràn sí i, kí wọ́n lè tà á bí ọ̀tun.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, bí ọmọ yín bá fẹ́ tú rédíò tí ó ti kú, ẹ má ṣe nà án. Ẹ yọ bátìrì rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí ó fọwọ́ kan ohun tí a ń kì bọ iná ògiri. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó tì í, kí ẹ jọ ka àwọ̀ àti nọ́ńbà tí ẹ bá rí nínú rẹ̀. Ẹ̀yin oníṣòwò, ẹ sọ ibi tí agbára ọjà yín mọ kí oníbàárà tó sanwó. Àwa oníbàárà náà, ẹ jẹ́ kí á máa kà kí á tó rà. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ìyá Ràṣídì ti dá páálí náà padà sí àyè rẹ̀. Ọmọ ọmọ wa tó dàgbà jù ti bẹ̀ mí pé kí n kọ́ òun ní ìtumọ̀ àwọ̀ wọ̀nyẹn. Pupa, pupa, búráùn àti góòlù la ó fi bẹ̀rẹ̀.

Ó di oṣù tó ń bọ̀, bí Ọlọ́hun bá fẹ́.