Títẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kì í ṣe àtúnṣe

Ẹ̀yin ará Adja-Ouèrè, ẹ jẹ́ ká bá ara wa sòótọ́. A pààrọ̀ bíréèkì fúnra wa nílé, ẹsẹ̀ bíréèkì wá rọ̀ bíi tìmùtìmù. A tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mẹta, ó le díẹ̀, a kó èrò, ó di Pobè! Ẹ̀tàn ni. Afẹ́fẹ́ ló wọnú páìpù. Òróró bíréèkì ò ṣeé fún pọ̀, afẹ́fẹ́ ṣeé fún pọ̀: afẹ́fẹ́ lẹsẹ̀ wa ń tẹ̀, táyà ò gbọ́. Purger tí mẹkáníìkì ń sọ yẹn, ẹni méjì péré ló ń fẹ́. Ọ̀kan á tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, èkejì á tú nọ́ọ̀tì kékeré ẹ̀yìn táyà, á tún dè é kí ẹsẹ̀ tó gòkè, títí òróró á fi jáde láìhó. Ẹ má jẹ́ kí òróró òkè gbẹ o! Ẹni tó ní òun ò ráyè, ṣé àwọn ọmọ iléèwé wa tó ń rìn létí títì ló fẹ́ fi dán an wò ni?