Òùngbẹ Ni, Kì Í Ṣe Oorun: Lórí Igi Ẹ̀ṣọ́ Tuntun Nígbà Ọyẹ́

Ìgbàgbọ́ kan fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Igbaruku àti ní ọ̀pọ̀ ìlú mìíràn ní ilẹ̀ Okun pé igi ẹ̀ṣọ́, ìyẹn igi tí wọ́n gbìn sí iwájú ilé tàbí ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ fún ẹwà àti ibòòji, kò nílò omi mọ́ bí ọyẹ́ bá ti dé, nítorí pé igi tí ó wọ́wé ti sùn, òjò àkọ́rọ̀ ni yóò sì jí i. Nítorí rẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbin igi ní Agẹmọ, tí wọ́n ń pa á tì ní Bélú, tí wọ́n sì ń fà á tu fún ìdáná ní Ẹrẹ́nà. Ìgbàgbọ́ náà kò tọ̀nà, òun gan-an ni ó sì ń pa púpọ̀ nínú àwọn igi tí wọ́n ń di ẹ̀bi ikú wọn ru ikán, ewúrẹ́ tàbí àwọn ará ayé.

Òótọ́ díẹ̀ kò ṣàì sí nínú rẹ̀. Igi pánṣẹ́kẹ́ olódòdó pupa àti igi fúrúùtù a máa wọ́wé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, èyí sì ń dín omi tí wọ́n ń pàdánù kù, nítorí pé ihò wẹ́wẹ́ ara ewé ni púpọ̀ nínú omi igi ń gbà jáde. Ṣùgbọ́n dídínkù kì í ṣe òpin: gbòǹgbò ṣì ń mí, èèpo ẹ̀ka tí kò tíì gbó sì ń pàdánù omi sínú afẹ́fẹ́ gbígbẹ tí ó ń fẹ́ wá láti aṣálẹ̀ Sàhárà. Ní ìpínlẹ̀ Colorado ní Amẹ́ríkà, níbi tí òtútù ti ń mú igi sùn ní tòótọ́, àwọn olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Yunifásítì Ìpínlẹ̀ náà ń gba àwọn ènìyàn níyànjú láti bomi rin igi láàárín Ọ̀wàrà sí Ẹrẹ́nà bí yìnyín kò bá bọ́, ní ọjọ́ tí ilẹ̀ kò dì. Igi tí àwọn olódòdó ń pè ní masquerade kì í tilẹ̀ wọ́wé tán. Ta ni yóò sọ pé òun náà ń sùn?

Ẹ̀rí tí ó lágbára jù lọ́wọ́ àwọn onígbàgbọ́ yìí ni kajú, tí ó ń so nínú ẹ̀ẹ̀rùn gan-an láìsí ẹni tí ó bomi rin ín, àti osè, tí ó ń wà níhòòhò fún oṣù púpọ̀ tí kò sì kú. Ẹ̀rí náà kò bá ọ̀rọ̀ mu. Osè tí ó ti dàgbà ń tọ́jú omi sínú ìtì rẹ̀, kajú tí ó sì ti ń so ti ran gbòǹgbò lọ wá ọ̀rinrin nísàlẹ̀ ilẹ̀ fún ọdún mélòó kan. Inú ọ̀rá dúdú ni wọ́n ti tọ́ igi ẹ̀ṣọ́ tuntun, gbòǹgbò rẹ̀ sì lọ́ po nínú ìwọ̀nba erùpẹ̀ tí ó bá a kúrò níbẹ̀, èyí tí ó lè gbẹ nígbà tí ilẹ̀ àyíká rẹ̀ ṣì tutù. Ohun tí ó ń tan ènìyàn jẹ jù ni pé irú igi bẹ́ẹ̀ lè rúwé díẹ̀ ní Ẹrẹ́nà láti inú oúnjẹ tí ó fi pamọ́ sára ìtì, kí ó sì kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nítorí pé gbòǹgbò tí ì bá gbé omi fún ewé náà ti kú láti Ṣẹ́rẹ́. Aládùúgbò yóò ní òjò ni ó pa á.

Àwọn tí ó ń bomi rin ín pàápàá a máa ṣì í ṣe. Ife omi kan ní alaalẹ́ kì í kọjá òkè ilẹ̀. Ó sàn kí a rọra da nǹkan bí 20 lítà sí ìdí igi lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí omi lè rìn dé ìsàlẹ̀ gbòǹgbò. Wọn yóò ní omi wọ́n nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, àtakò yìí sì tọ́ sí ìdáhùn gidi, nítorí orí obìnrin àti ọmọdé ni omi sábà máa ń gbà dé ilé. Láti ìbẹ̀rẹ̀ Bélú dé òpin Ẹrẹ́nà, tí ó jẹ́ nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 21, lítà 420 ni igi kan yóò gbà, èyí tí kò pé kẹ́ẹ̀gì onílítà 25 mẹ́tàdínlógún, omi tí wọ́n fi ṣan aṣọ tàbí fọ ẹ̀fọ́ sì lè jẹ́ púpọ̀ nínú rẹ̀.

Bíbo ìdí igi, ìyẹn títẹ́ ewé tàbí koríko gbígbẹ sórí ilẹ̀ tí ó yí i ká kí oòrùn má baà kan erùpẹ̀, kì í jẹ́ kí omi náà tètè gbẹ. Ó ya ni lẹ́nu pé àgbẹ̀ tí kò jẹ́ gbin èbù iṣu nínú ẹ̀ẹ̀rùn láìfi koríko dé orí ebè, kí ooru má baà se èbù náà, ni yóò gbá ìdí igi iwájú ilé rẹ̀ mọ́ tónítóní ní àràárọ̀. Ewé kajú gbígbẹ, pòpórò ọkà bàbà tí a gé wẹ́wẹ́ tàbí èèpo ẹ̀pà yóò ṣe é, bí ó bá nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 5 sí 10. Kò gbọdọ̀ kan ìtì igi, kí èèpo má baà rà, kí ikán má sì rí ọ̀nà gòkè. Ó sì yẹ kí a ro ilẹ̀ ìta rẹ̀ mọ́, nítorí iná ìgbẹ́ kò mọ ewé tí a fi bo igi yàtọ̀ sí koríko ọ̀dàn.

Ẹni tí ó bá ṣì ń ṣiyèméjì, kí ó fi èékánná ha èèpo ẹ̀ka igi rẹ̀ díẹ̀: bí abẹ́ rẹ̀ bá ní àwọ̀ ewé tútù, igi náà wà láàyè, omi ni ó sì ń retí. Kí àwọn tí ó gbin igi nínú òjò ọdún yìí bo ìdí rẹ̀ kí Ọ̀wàrà tó parí, nígbà tí ilẹ̀ ṣì tutù, kí wọ́n má sì dá omi dúró títí òjò yóò fi máa rọ̀ léraléra ní Igbe.