Ojú Lọ̀rọ̀ Wà: Ìtọ́jú Ìrẹ̀wẹ̀sì Ọkàn Lórí Fóònù

"Ojú lọ̀rọ̀ wà" kò ṣòroó yé ẹnikẹ́ni tó ti bá wọn parí ìjà rí. Ọ̀rọ̀ tó bá wúwo, ojúkojú ni wọ́n ń sọ ọ́. Ìdí nìyí tí ìpolówó kan tó gba orí fóònù lẹ́nu ọjọ́ mẹ́ta yìí fi ń bíni nínú: pé ẹni tí ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ń dà láàmú kò ní láti kúrò lórí ibùsùn, kó ṣáà ti tẹ fóònù, olùdámọ̀ràn á dá a lóhùn. Àìsàn tí kì í jẹ́ kí èèyàn lè dìde nílẹ̀ ni wọ́n ní kó dùbúlẹ̀ gba ìtọ́jú rẹ̀. Kò dára.

Ohun tí dókítà ń wò ju ohun tí aláìsàn ń sọ lọ. Ó ń wo bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ wọlé, aṣọ tí kò rí omi láti ọjọ́ pípẹ́, ṣòkòtò tó ti ń yọ́ bọ́ nídìí nítorí ara tó rù. Ó ń gbọ́ òórùn ọtí lẹ́nu rẹ̀ ní aago 10 àárọ̀. Bó bá bi í ní ìbéèrè, ó ń kíyè sí bí ìdáhùn ṣe pẹ́ tó kó tó jáde. Orí àti èjìká ni fídíò ń fi hàn. Àtẹ̀jíṣẹ́ kò fi nǹkan kan hàn. "Àlàáfíà ni mo wà" tí wọ́n fi ìka tẹ̀ kò ní ohùn, kò ní omijé. Àìtó ẹ̀jẹ̀ náà sì máa ń mú kó rẹ èèyàn, kí nǹkan sì sú u, bíi ti ẹni tí ọkàn rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Ẹni tí kò lè gba ẹ̀jẹ̀ aláìsàn wò kò lè mọ èyí tó ń ṣe é.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Thomas Adéoyè Lámbò, dókítà ọpọlọ, ti fi hàn pé ó yẹ kí ojú wà lára aláìsàn nígbà tó bẹ̀rẹ̀ ètò abúlé rẹ̀ ní Àrò, l'Ábẹ́òkúta, ní 1954. Kò ti àwọn aláìsàn mọ́lé. Inú abúlé tó wà nítòsí ilé ìwòsàn ni wọ́n ń gbé, pẹ̀lú mọ̀lẹ́bí tó ń se oúnjẹ wọn, tó ń fọ aṣọ wọn, tó sì ń mú wọn lọ gba ìtọ́jú. Aláìsàn tí kò bá jẹun lánàá, ẹnìkan rí i.

Ìwé ìbéèrè tí wọ́n fi ń wo ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn, tí wọ́n ń pè ní PHQ-9, ní ìbéèrè 9. Èyí tó gbẹ̀yìn ń béèrè bóyá ẹni náà máa ń rò ó pé ikú yá ju kí òun wà láyé lọ. Bó bá dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni ní òru, olùdámọ̀ràn tó wà nílùú mìíràn lè má mọ àdúgbò rẹ̀, áḿbọ̀sìbọ́sí aládùúgbò tó lè kan ilẹ̀kùn. Àwọn iléeṣẹ́ kan kọ ọ́ sínú àdéhùn wọn pé àwọn kò wà fún ẹni tó fẹ́ pa ara rẹ̀. Ta ni yóò ka àdéhùn nírú àkókò bẹ́ẹ̀?

Àwọn kan á ní dókítà ọpọlọ kò tó, pé ọ̀nà jìn, pé ìtọ́jú orí fídíò ti ran ọ̀pọ̀ tí àìsàn wọn kò tíì le lọ́wọ́. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àìtó dókítà, ìjọba ló yẹ ká bi. Kò sọ fóònù di dókítà.

Òwe mìíràn tún gbé ọ̀rọ̀ náà gba ibòmíràn, ìyẹn ọ̀rọ̀ àṣírí: ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ní í fọ́. Ní 2023, Federal Trade Commission, àjọ tó ń gbèjà oníbàárà ní Amẹ́ríkà, fẹ̀sùn kan iléeṣẹ́ BetterHelp pé ó ṣèlérí àṣírí fáwọn oníbàárà rẹ̀, síbẹ̀ ó ń fi ímeèlì wọn àti ohun tí wọ́n sọ nípa ìlera wọn ránṣẹ́ sí Facebook, Snapchat, Criteo àti Pinterest nítorí ìpolówó. Iléeṣẹ́ náà kò gbà pé òun jẹ̀bi, ṣùgbọ́n ó gbà láti san mílíọ̀nù 7.8 dọ́là.

Ti Finland le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 2020, ọ̀daràn kan tó ti jí àkọsílẹ̀ nǹkan bí 33,000 aláìsàn ní Vastaamo, iléeṣẹ́ ìtọ́jú ọkàn, ń kọ̀wé sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: kí wọ́n san 200 yúrò, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á tú ohun tí wọ́n sọ fún olùtọ́jú wọn síta. Ní 2024, ilé ẹjọ́ rán an lẹ́wọ̀n ọdún 6 àti oṣù 3. Vastaamo ní ọ́fíìsì nígbà náà, tí aláìsàn ti ń bá olùtọ́jú sọ̀rọ̀ lójúkojú; àkọsílẹ̀ ló wà lórí kọ̀ǹpútà. Bó bá jẹ́ àtẹ̀jíṣẹ́ ni wọ́n fi ń gba ìtọ́jú, ọ̀rọ̀ aláìsàn gan-an ló wà nípamọ́ lọ́dọ̀ iléeṣẹ́, bó ṣe fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ̀ ẹ́, pẹ̀lú ọjọ́ àti aago.