Búrẹ́dì Fún Àwọn Ọmọ Wẹ́wẹ́

Ní Ìlọrin, bí ọmọ bá ń sunkún ní òwúrọ̀, búrẹ́dì ni a sábà máa ń fi lé e lọ́wọ́. Èmi kò sọ pé búrẹ́dì burú. Ọgbọ́n ni kí ẹ̀yin òbí fi lò ó.

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù 6, ọmú ìyá rẹ̀ nìkan tó fún un. Lẹ́yìn náà, ẹ lè rẹ ẹ̀rún búrẹ́dì sínú ẹ̀kọ mímu kí ó rọ̀, nítorí òkèlè gbígbẹ a máa há ọmọ lọ́fun.

Ẹ má ṣe yan búrẹ́dì nítorí pé ó wú. Potassium bromate ni àwọn mìíràn ń pò mọ́ ìyẹ̀fun kí ó lè wú, èyí tí ó fa àrùn jẹjẹrẹ lára eku. NAFDAC ti fòfin dè é. Síbẹ̀ ìwádìí ti rí i nínú búrẹ́dì. Nítorí náà, ẹ bi ẹni tí ń ṣe é léèrè, kí ẹ sì wo nọ́ńbà NAFDAC lára ọ̀rá rẹ̀.

Ju gbogbo rẹ̀ lọ, ẹ̀wà, ẹyin, ẹja àti wàrà ni ó ń mú ọmọ dàgbà. Àgbẹ̀ tí ẹ̀wà kún àká rẹ̀, tí ọmọ rẹ̀ ń jẹ búrẹ́dì lásán, ó ń fi ebi pa ọmọ náà nínú ọ̀pọ̀.